Ilẹ̀ Tí Màmá Àgbà Kò Jẹ́ Kí A Nà

Lọ́jọ́ ìsìnkú Màmá Àgbà, ẹni mẹ́rin ló dìde sọ̀rọ̀ nípa wọn. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sọ pé onísùúrù ènìyàn ni wọ́n, pé wọn kì í bínú, pé wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà rí láyé wọn. Mo jókòó ní ìlà kejì, mo mú ìwé ètò ìsìnkú dání, mo ń bi ara mi léèrè bóyá òkú ẹlòmíràn la wá sin. Màmá Àgbà tí mo mọ̀ máa ń jà. Wọ́n bá òbí àwọn ọmọ jà, wọ́n bá pásítọ̀ jà, wọ́n bá ọmọ tí wọ́n bí jà débi pé ọdún kan gbáko kọjá tí kò fi ẹsẹ̀ kan ilé wọn. Ohun kan náà ni wọ́n sì máa ń torí ẹ̀ jà, ọmọ kékeré tó ń sunkún.

Èmi ni Dúpẹ́, ọmọ àkọ́bí wọn ló bí mi. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo dàgbà sí ní Adó, nínú ilé kan tí kò jìnnà sí àdúgbò Fájuyì, wọ́n sì fi ẹ̀yìn ilé náà ṣe jẹ́lé-ó-sinmi. Yàrá méjì, ọgbà oníyẹpẹ, igi máńgòrò kan, àti ọmọ bí ogún tí wọ́n wà láàárín ọdún méjì sí márùn-ún. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n fi ṣe é. Èmi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní sẹkitéríàtì báyìí. Ọmọ mi obìnrin, Mofẹ́, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, jẹ́lé-ó-sinmi yẹn náà ló ń lọ. Mi ò jókòó kọ ìwé yìí láti yin ẹnikẹ́ni. Inú ló ń bí mi. Ó ń bí mi sí àwọn ẹbí mi, ó ń bí mi sí ara mi, ó sì ń bí mi sí Màmá Àgbà pẹ̀lú, kí wọ́n má bínú níbi tí wọ́n wà.

Ẹ mọ ohun tí a máa ń ṣe bí ọmọ bá ṣubú. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wa. Ọmọ á ṣubú, á lanu, kó tó ké, àgbàlagbà kan á ti sáré gbé e, á wá máa fi àtẹ́lẹwọ́ na ilẹ̀. "Ilẹ̀ yìí ni? Ilẹ̀ burúkú. Kí ló dé tí o fi gbé ọmọ mi ṣubú? Ó tán, mo ti nà án, dákẹ́." Bó bá jẹ́ àga ló forí gbá, àga la ó nà. Bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn ló há a lọ́wọ́, ilẹ̀kùn ni yóò jẹgba. Ìyá mi ṣe é fún mi, ìyá tiwọn náà ti ṣe é fún wọn. Màmá Àgbà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é nínú ọgbà wọn. Ẹni tó bá ṣe é níbẹ̀, bí ẹni tó bú wọn ni.

Àlàájì tó ń ṣe kápẹ́ńtà ní òdìkejì títì ló kọ́kọ́ kó sí i. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà, inú yẹpẹ ni mo wà, mo sì rántí rẹ̀ dáadáa nítorí pé mi ò rí i rí kí ẹnikẹ́ni pariwo mọ́ Àlàájì. Wọ́n mú ọmọ ọmọ wọn, Ìdírísù, wá sí jẹ́lé-ó-sinmi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bọ́mọ ṣe wọlé ló sáré, ló fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò máńgòrò, ló dojú bolẹ̀. Àlàájì gbé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi sálúbàtà wọn na gbòǹgbò náà bí ẹni ń pa ejò. Màmá Àgbà jáde láti inú yàrá, ẹfun ìkọ̀wé ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

"Àlàájì, kí ni ulẹ̀ ṣe?" Ẹnu Adó kì í kúrò lẹ́nu wọn tí inú bá ń bí wọn. Tí ẹ bá ti gbọ́ "ulé" dípò ilé, àti "ulẹ̀" dípò ilẹ̀, ẹ yáa múra.

Àlàájì rò pé eré ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìyá, òun ló gbé ọmọ ṣubú."

"Gbòǹgbò wà níbi tó wà láti ìgbà tí ọkọ mi ti gbin igi. Ọmọ ló sáré tí kò wolẹ̀. Ẹ wá ń kọ́ ọ pé tí nǹkan bá dùn ún, kó wá ẹni tí yóò nà. Tó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò lọ́la, ta lẹ fẹ́ bá a nà? Tí ìyàwó bá kọ̀ ọ́ ńkọ́?"

Ojú Àlàájì yí padà. "Ọmọ ọdún mẹ́ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀ ìyàwó láàárọ̀ yìí?" Wọ́n gbé ọmọ wọn, wọ́n bá ọ̀nà wọn lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn kò fi kí ara wọn. Ìdírísù ló mú wọn padà wá, torí ojoojúmọ́ ló ń dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù bàbá bàbá rẹ̀, tó ń na ọwọ́ sí òdìkejì títì. Nígbà tí Àlàájì mú un padà, wọn kò tọrọ àforíjì, Màmá Àgbà náà kò tọrọ. Màmá kàn ní kí Àlàájì bá àwọn ṣe bẹ́ǹṣì kékeré kan, kó kúrú, kó má gbà ju ènìyàn méjì lọ. Àlàájì béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Màmá ní, "Ẹkún ni."

Bẹ́ǹṣì náà wà lábẹ́ máńgòrò títí di òní. Bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyí. Tí ọmọ bá ṣubú, tí kì í ṣe pé ó fara pa yánnayànna, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sáré. Màmá Àgbà á rìn lọ bá a jẹ́ẹ́jẹ́, wọn á lóṣòó tì í, wọn á bi í pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́. "Mo ṣubú." "Níbo ló ń dùn ọ́?" "Orúnkún." "Ṣé o fẹ́ sunkún?" Àwọn ọmọ mìíràn á ronú sí i, wọn á ní rárá, wọn á sì bá eré wọn lọ. Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn á jọ lọ sórí bẹ́ǹṣì. Màmá á jókòó tì í, wọn á sọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń sọ níbẹ̀: "Sunkún kó tẹ́ ọ lọ́rùn. Mi ò lọ síbì kankan."

Ó tán. Kò sí "dákẹ́", kò sí súìtì, kò sí bisikíìtì, kò sí "ọkùnrin kì í sunkún". Wọn á jókòó síbẹ̀, wọn á máa wo ọ̀nà. Nígbà tó bá sunkún tán, ọmọ á lọ sídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́jú, á padà sáàárín ẹgbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, nǹkan yìí máa ń sú mi. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì, mo máa ń ti ilé-ìwé dé, ebi á ti pa mí kú, màá bá ìrẹsì tó ń jóná lórí iná, àlejò méjì á jókòó sí pálọ̀, Màmá Àgbà á sì wà lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ọmọ ọdún méjì tó ń ké nítorí pé ẹfun rẹ̀ kán. Lọ́jọ́ kan, mi ò lè mú un mọ́ra. Mo ní, "Màmá, nítorí ẹfun?"

Wọn kò tilẹ̀ yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Nítorí kí lo fi sunkún lánàá?"

Nítorí irun ni. Wọ́n dì í fún mi, kò wù mí. Mo wọlé lọ yọ ìrẹsì kúrò lórí iná.

Àwọn òbí kan kò ní irú sùúrù tí mo ní, ìwọ̀nba náà ni tèmi sì jẹ́. Ìyá kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Ó mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá, nígbà tí táàmù kan parí, ó wá bínú. Ó ní ọmọ òun kò tíì lè kọ ení dé ogún, pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ti ń kọ orúkọ rẹ̀. Ó ní kí ni ọmọ òun wá kọ́ níbí? Màmá Àgbà ka ohun tó kọ́ fún un. Ó lè wọ bàtà rẹ̀. Ó lè fọ àwo rẹ̀. Tí wọ́n bá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè sọ pé òun kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, láì gé ẹnikẹ́ni jẹ. Tí nǹkan bá ṣòro fún un, ó lè sọ pé, "Ẹ ràn mí lọ́wọ́." Obìnrin náà wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n fẹ́ lù ní jìbìtì. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọmọ rẹ̀ ti wà ní ilé-ìwé tuntun kan tí wọ́n ya àwòrán ìnàkí àti erin sí gbogbo ara ògiri rẹ̀.

Òun nìkan kọ́ ló lọ. Ní ọdún yẹn, àwọn ọmọ tó kù kò pé méjìlá. Mo bẹ Màmá Àgbà. Mo ní, ẹ fún àwọn ènìyàn ní ohun tí wọ́n ń fẹ́, ẹ kọ́ wọn ní A, B, D láàárọ̀, kí wọ́n sì máa sunkún lọ́sàn-án. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nígbà náà, wọ́n ń bá a lọ. Nígbà tí wọ́n ṣà á tán, wọ́n ní, "Dúpẹ́, ìwé yóò dé. Kò sí ọmọ tí mo tọ́ tí kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò bá lè la ẹnu rẹ̀ sọ pé nǹkan yìí ju agbára òun lọ, níbi tó ti ń kàwé náà ni yóò ti wó, ẹ kò sì ní tètè mọ̀."

Lẹ́yìn ọdún pípẹ́, ìjọba kó àwa òṣìṣẹ́ lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan. Ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ kóòtù ń fi àwòrán hàn wá lára ògiri, ó ń ṣàlàyé pé àwọn ọdún tí ọmọ ń lò kó tó wọ pírámárì ló máa ń pinnu bí yóò ṣe fara da ìṣòro. Ó ní ọmọ tí àgbàlagbà kan bá dúró tì, tí wọ́n kọ́ láti dárúkọ ohun tó ń dùn ún, máa ń lè dìde padà. Gbogbo wa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ na ọwọ́ sókè kí n sọ fún un pé màmá bàbá mi ní bẹ́ǹṣì kan, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọn á fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo délé, mo ròyìn rẹ̀ fún Màmá Àgbà. Wọ́n ní ṣé wọ́n fún wa lóúnjẹ níbẹ̀.

Ohun tó wá ń bí mi nínú sí wọn nìyí. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, àwọn náà pa irọ́ fún wa. Ó tó ọdún méjì tí wọ́n fi ń lọ sí ọsibítù, wọ́n ní ojú làwọn ń yẹ̀ wò. A rí wọn pẹ̀lú awò tuntun, a gbà bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni mo ń wá iyọ̀, mo ṣí agolo mílíìkì kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo bá oògùn ọkàn níbẹ̀, oríṣi mẹ́ta. Mo gbé e lọ bá wọn. Mo pariwo. Mo ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ fún ọmọ ọdún mẹ́ta pé abẹ́rẹ́ máa dùn ún, ẹ wá ń fi àìsàn pamọ́ fún wa?"

Wọ́n gba agolo lọ́wọ́ mi, wọ́n dé e. "Àwọn ọmọdé lè gbà á. Ẹ̀yin àgbà, tí mo bá sọ fún yín, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í na ilẹ̀."

Mi ò tíì dárí rẹ̀ jì wọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé ohun tí wọ́n sọ nípa àwa àgbà yẹn kì í ṣe òótọ́.

Mo ní láti sọ ti bàbá mi báyìí. Tíṣà ni wọ́n ní Ìjàn. Mo jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí àìsàn ọjọ́ mẹ́ta gbé wọn lọ. Àwọn àgbà ẹbí pàdé, wọ́n fẹnu kò pé wọn kò gbọdọ̀ sọ fún mi, pé ọmọdé kò lè gbé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Àbúrò bàbá mi tí à ń pè ní Dádì Ìkẹ́rẹ́, torí pé Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbé, ló gbé mi lé orí ẹsẹ̀, tí wọ́n ní Dádì mi ti lọ sí Kánò, pé bọ́ọ̀lù ni wọ́n máa rà bọ̀. Ìyá mi kò lè sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Màmá Àgbà wà nínú yàrá, torí pé ní ilé wa, òbí kì í lọ síbi ìsìnkú ọmọ rẹ̀. Wọn kò mọ ohun tí Dádì Ìkẹ́rẹ́ sọ fún mi.

Lójoojúmọ́ ni mò ń dúró lẹ́nu géètì. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ ni pé mo ti mọ ìdí tí Dádì mi fi lọ. Mo tọ̀ sílé lọ́jọ́ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì jágbe mọ́ mi. Torí náà, mo pinnu pé mi ò ní tọ̀ sílé mọ́ kí wọ́n lè padà wá. Ọ̀nà tí mo sì rí sí i ni pé kí n má mu omi. Màá gba ife, màá yí ẹ̀yìn, màá dà á sídìí òdòdó. Ètè mi bẹ̀rẹ̀ sí í là.

Màmá Àgbà ló rí ètè náà. Wọ́n mú mi lọ sórí bẹ́ǹṣì, bẹ́ǹṣì tí wọn kò tíì mú ọmọ kankan lọ sunkún sí fún bí oṣù kan, wọ́n bi mí pé kí ló dé tí mi ò mu omi. Mo sọ fún wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Dádì rẹ kò lọ sí Kánò. Dádì rẹ kú. Àìsàn ló pa á. Kì í ṣe ìtọ̀ rẹ, kì í ṣe ohunkóhun tí o ṣe." Wọ́n tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì, bí wọ́n ṣe máa ń kọ́ wa ní orin. Nígbà tí mo ké, wọ́n sọ gbólóhùn wọn fún mi, àwọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọmọ wọn ni. Àwa méjèèjì wà níbẹ̀ títí àwọn òbí fi wá kó àwọn ọmọ wọn tán.

Dádì Ìkẹ́rẹ́ gbọ́. Wọ́n wá, wọ́n dúró sáàárín ọgbà, wọ́n ní Màmá ti ba ọmọ olóògbé jẹ́, pé ọmọ ọdún márùn-ún kò lẹ́mìí irú rẹ̀. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí Màmá Àgbà ní, "Ọmọ tó lẹ́mìí láti dúró dè é lẹ́nu géètì lójoojúmọ́, ó lẹ́mìí láti gbọ́ pé kò ní bọ̀." Ọdún kan ni Dádì Ìkẹ́rẹ́ kò fi dé ilé wa lẹ́yìn ọjọ́ náà. Èmi sì mu omi lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí èmi, tí wọ́n ṣe èyí fún, ṣe.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni ọkàn Màmá Àgbà daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọn kò padà. Ilé kún. Mofẹ́ ń rìn láàárín ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn, ó ń béèrè Màmá. Dádì Ìkẹ́rẹ́, tí orí wọn ti funfun báyìí, gbé e lé orí ẹsẹ̀, wọ́n ní Màmá ti lọ sí Ìbàdàn. Mo gbé àwo dání, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ ọ ketekete. Mi ò sọ nǹkan kan. Ó rẹ̀ mí, ojú mi ti wú, mo sì rò pé màá sọ fún un lọ́la. Lọ́jọ́ kejì, tí mò ń ya irun rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ṣé Ìbàdàn ni Màmá wà lóòótọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ ìsìnkú, a gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìgèdè kó má bàa rí pósí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Àǹtí Kẹ́mi, tí òun àti Màmá jọ ń tọ́jú àwọn ọmọ, ṣí jẹ́lé-ó-sinmi padà. Ó pè mí sórí fóònù. Ó ní Mofẹ́ kì í ṣeré mọ́, pé orí bẹ́ǹṣì ló máa ń jókòó sí, á fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí òun bá bi í pé ṣé ó fẹ́ sunkún, á ní rárá, òun ń dúró de Màmá ni. Ó tún ní kì í mú ife mọ́. Ẹlòmíràn ni yóò gbé ife sí i lẹ́nu, tàbí kó fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo ní ìwà àkẹ́jù ni. Nílé, mo bá a wí lórí ife náà lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi tí mo ti da omi sídìí òdòdó rí, mi ò ro nǹkan kan.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ó ń sáré kiri pálọ̀, ó forí gbá etí tábìlì. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti gbé e, mo ti ń fi ọwọ́ na tábìlì. "Tábìlì burúkú. Mo ti nà án. Dákẹ́."

Kò tilẹ̀ sunkún. Ó wò mí. "Mọ́mì, kí ni tábìlì ṣe?"

Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí tábìlì.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi lọ́sàn-án gangan. Ó wà lórí bẹ́ǹṣì bí Àǹtí Kẹ́mi ṣe sọ. Nígbà tí mo fẹ́ jókòó, ó ní àyè Màmá nìyẹn. Mo ní kó yá mi díẹ̀. Ó rò ó, ó ní ó dáa.

Mo bi í pé, "Kí ló dé tí o kì í mú ife mọ́?"

Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Mo fọ́ ife Màmá. Èyí tó ní búlúù lára."

"Nígbà wo?"

"Kí wọ́n tó lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n bínú. Wọn ò dágbére fún mi."

Ogún ọdún ó lé, irọ́ kan náà, ẹnu kan náà, ọmọ mìíràn. Ó sì wá jẹ́ pé èmi ni mo ya irun rẹ̀ tí mo tún un pa. Ó wù mí kí n lọ bá Dádì Ìkẹ́rẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́, kí n pariwo mọ́ wọn títí ohùn mi á fi há. Mo wá rí i pé tábìlì ni mo tún fẹ́ nà yẹn.

Mo ní, "Mofẹ́, Màmá kò lọ sí Ìbàdàn. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Màmá kú. Ọkàn wọn ló ń ṣàìsàn, ó ti pẹ́. Kì í ṣe ife tí o fọ́. Wọn kò bínú sí ọ." Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé wọ́n á bọ̀?"

"Rárá."

"Lọ́la ńkọ́?"

"Lọ́la náà, rárá."

Ó ronú. "Ṣé Dádì Ìkẹ́rẹ́ mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀."

"Wọ́n parọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà parọ́. Má bínú."

Ẹkún náà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti èjìká rẹ̀ kó tó dé ẹnu. Mo ní, "Sunkún kó tẹ́ ọ lọ́rùn." Ó yẹ kí n fi ìyókù kún un, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo dúró sí. Màmá Àgbà sọ ọ́ fún mi lórí bẹ́ǹṣì yìí, wọ́n sọ ọ́ fún gbogbo ọmọ tó gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n sì lọ, wọ́n fi oògùn sínú agolo mílíìkì, wọ́n lọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu mi sọ irú rẹ̀ fún ọmọ? Bí mo ṣe ń wá ohun tí màá sọ, omi ti ń bọ́ lójú tèmi náà, mi ò sì lè dá a dúró. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń gbé àwo káàkiri, mi ò tíì sunkún bẹ́ẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Mofẹ́ tó dákẹ́. Ó fi ọwọ́ aṣọ nu imú. Ó rí mi. Ó sún mọ́ mi, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí itan, ó wá ń wo ọ̀nà, bí Màmá ṣe máa ń ṣe.

"Mọ́mì, ẹ sunkún kó tẹ́ yín lọ́rùn. Mi ò lọ síbì kankan."

Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi lọ. Ó bọ́jú rẹ̀ nídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó mú ife ike tó wà lórí òkúta, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó mu omi, ó dá ife padà síbi tó ti mú un, ó sì sáré lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú yẹpẹ. Mo jókòó síbẹ̀ títí tèmi náà fi tán.